Àwòrán Dúdú Méjìlá

3.

…nítorí náà ni mo ṣe yọ gbogbo ibi tó dúdú kúrò, kó lè máa lọ geere.

Tí ẹ bá rí i pé nọ́ńbà fò nínú ohun tí ẹ ń kà yìí, ẹ má wulẹ̀ wá a. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Fídíò ni mò ń gé jẹun: ti ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ti ìpàdé, ti ẹni tó ń polówó ọṣẹ. Àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ rí òkùnkùn nínú fídíò wọn. Tó bá dúdú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, wọ́n á pè mí pé ṣé iná lọ ni. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń gé òkùnkùn sọnù. Ó ti mọ́ mi lára.

4.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

Màmá. Télọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé alájà méjì kan, ó fara ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́.

Ẹnjiníà. Kì í ṣe ẹbí wa, àmọ́ ó ń jẹun nílé wa ju ẹbí lọ. Òun ló ń tún àwọn àpótí géèmù ṣe nígbà tí ilé géèmù ṣì wà.

Èmi. Ọmọ Màmá, ẹyọ kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹlòmíì tí mo lè di ẹ̀bi yìí rù.

Akólẹ́tà. Kì í ṣe ènìyàn. Àwòrán ni. Ó ní túbọ̀mú ńlá, ó gbé lẹ́tà kan dání, ó sì máa ń kú.

5.

(Lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Màmá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó sì fi pínnì mẹ́rin kàn án mọ́ aṣọ ìkélé.)

ÌKÉDE

ṢỌ́Ọ̀BÙ YÌÍ LÈ TÌ PA NÍ ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA.

Ó SÌ LÈ MÁ TÌ.

ẸNI TÓ BÁ NÍ AṢỌ NÍBÍ, KÓ TÈTÈ WÁ GBÉ E.

ẸNI TÍ KÒ BÁ NÍ, KÓ YÉÉ WÁ BÉÈRÈ ÌDÍ.

6.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Mo gbà á sílẹ̀ lórí fóònù mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, lórí tábìlì tí a fi ń jẹun. Màmá mọ̀ pé mo ń gbà á. Òun ló ní kí n gbà á.

MÀMÁ: Ṣé ó ti ń gbà á?

ÈMI: Ó ti ń gbà á, mà.

MÀMÁ: Ó dáa. Orí mi pé. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní lẹ́yìn ọ̀la pé ẹnì kan ló tì mí sí i. Láti bí oṣù mélòó kan, mò ń gbé nǹkan sílẹ̀, mi ò sì ní rántí ibi tí mo gbé e sí. Dókítà ní kí n wá ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun fẹ́ yẹ ìrántí mi wò. Kó tó yẹ̀ mí wò, èmi ni máa kọ́kọ́ yẹ ara mi wò.

ÈMI: Báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é?

MÀMÁ: Akólẹ́tà.

ÈMI: Géèmù yẹn?

MÀMÁ: Ìgbà mọ́kànlá ni mo gbé lẹ́tà yẹn délé nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ọ̀kan náà ni ọ̀nà rẹ̀ lójoojúmọ́, kì í yí padà. Ẹni tó bá rántí ló ń jẹ ẹ́. Bí orí mi bá ṣì lè gbé e kọjá ilẹ̀kùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kó tó di aago méjìlá ọ̀sán Àbámẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù mi ò tì. Bí kò bá lè gbé e, máa fún onílé ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, máa wá jókòó sílé, máa máa wo ojú ẹ.

ÈMI: Màmá, géèmù kọ́ ni dókítà.

MÀMÁ: Dókítà náà kọ́ ni géèmù. Ta ló sọ fún un bí mo ṣe rí tẹ́lẹ̀?

8.

Fún ẹni tí kò mọ géèmù náà.

Láyé ilé géèmù, àpótí kan wà níbẹ̀ tí kò jọ àwọn yòókù. Nínú àwọn yòókù, kọ̀ǹpútà ló ń ya àwòrán fúnra rẹ̀, gbogbo ènìyàn inú wọn rí bíi bíríkì. Ti Akólẹ́tà yàtọ̀. Fídíò gidi ni, tí àwọn ayàwòrán jókòó fi ọwọ́ yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fídíò yẹn wà lórí díìsìkì léésà kan tó fẹ̀ tó tíréè, tó ń dán débi pé o lè fi wo ojú di irun.

Àwòrán kọ̀ọ̀kan lórí díìsìkì yẹn ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọgbọ̀n àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọpọlọ géèmù, ìyẹn ṣíìpù tó wà nínú àpótí, kò mọ ohun tó wà nínú àwòrán kankan. Kò mọ iná, kò mọ omi, kò mọ ènìyàn. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Á ní kí ẹ̀rọ díìsìkì lọ sí nọ́ńbà báyìí kó máa fi hàn. Tó bá dé nọ́ńbà báyìí, ó ń retí ọwọ́ rẹ: òsì, ọ̀tún, òkè, ìsàlẹ̀, tàbí bọ́tìnì. Tí ọwọ́ rẹ bá bọ́ sí àsìkò, Akólẹ́tà yè. Tó bá yá jù tàbí tó pẹ́ jù, ẹ̀rọ á fò lọ síbi tí Akólẹ́tà ti ń kú. Ẹ̀mí mẹ́ta ló ní láti fi gbé lẹ́tà kọjá ilẹ̀kùn mẹ́wàá; tó bá kú, o lè tún ilẹ̀kùn yẹn gbìyànjú tàbí kí o fò ó sí èyí tó kàn.

Ọ̀nà mẹ́tàlélógún ló ń gbà kú. Èyí tí aago ògiri gbé e mì ni Ẹnjiníà fẹ́ràn jù.

9.

(Àtẹ̀jíṣẹ́ látinú fóònù mi, ọjọ́ Ìsinmi yẹn náà.)

ÈMI: Ẹ káàsán, Bọ̀dá Ẹnjiníà. Ṣé díìsìkì Akólẹ́tà ṣì wà lọ́wọ́ yín?

ẸNJINÍÀ: Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà. Mo fi aṣọ ìbora wé e.

ÈMI: Àpótí rẹ̀ ńkọ́?

ẸNJINÍÀ: Ikán ti jẹ ẹ́ tán. Àmọ́ mo yọ ọpọlọ rẹ̀ kó tó di èrò ọ̀run.

ÈMI: Ẹ̀rọ tó ń ka díìsìkì ńkọ́?

ẸNJINÍÀ: Ó wà. Ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Ta ló fẹ́ gbá géèmù náà?

ÈMI: Màmá ni.

ẸNJINÍÀ: Ọwọ́yá fúnra wọn?

ẸNJINÍÀ: Mò ń bọ̀. Ẹ gbé oúnjẹ kaná.

11.

Ọwọ́yá ni wọ́n ń pe Màmá nílé géèmù. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni nígbà náà, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ sì dojú kọ ilé géèmù. Tí ọ̀gá bá ti lọ jẹun, á sọdá ọ̀nà, á gbá géèmù, á padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kó tó dé. Ẹnjiníà ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ àwọn tó bá gbé lẹ́tà délé sí. Ó mú ìwé náà wá. Ojú ewé tó gbó jù nínú rẹ̀ kà báyìí:

*Ìgbà kọkànlá. Ọwọ́yá, ọmọ télọ̀ òdìkejì. Pínnì mẹ́ta ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Kò gbé ọ̀kankan mì.*

Ó tún mú ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀, tó ti kọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e bọ̀:

OHUN TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ NÍLÒ KÓ TÓ LÈ ṢE BÍ ÀPÓTÍ GÉÈMÙ

Ọpọlọ. (Mo ti kà á jáde nínú ṣíìpù. Kò tó fọ́tò kan lórí fóònù yín.)

Fídíò díìsìkì, látòkèdélẹ̀. Ohùn rẹ̀ pẹ̀lú.

Afarawé. Sọ́fíwíà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa parọ́ fún ọpọlọ pé ẹ̀rọ díìsìkì ṣì wà níbẹ̀.

Ìwé nọ́ńbà, kí Afarawé lè mọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà nínú fídíò.

Ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnì. (Mo ní.)

Sùúrù. (Mi ò ní.)

Ó fi ìdè kan ọ̀pá ìdarí náà mọ́ pátákó tí a fi ń gé ẹ̀fọ́, kò tọrọ àyè. Ẹ̀rọ díìsìkì rẹ̀ tóbi tó àpótí ìkẹ́rù. Ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ó yí díìsìkì náà fún bí ìdajì wákàtí, gbogbo fídíò náà sì wọ inú kọ̀ǹpútà mi. Lẹ́yìn náà ó kùn hùn-ùn, ó dákẹ́. Ẹnjiníà gbé ọwọ́ lé e lórí fúngbà díẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní.

12.

Mo gbé fídíò náà wọ yàrá mi, mo fọ̀ ọ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí n fọ̀ ọ́.

13.

OHUN TÍ MÀMÁ SỌ NÍGBÀ TÍ AKÓLẸ́TÀ KÚ

Ajé: Ọ̀pá yìí le.

Ìṣẹ́gun: Gíláàsì mi ò mọ́.

Ọjọ́rú: Ẹnjiníà, má mí sí mi lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀:

14.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Ó jókòó sídìí tábìlì, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ òsì lé ọ̀pá, ọ̀tún lé bọ́tìnì. Ilẹ̀kùn kìn-ín-ní ṣí. Ó ń kà á jẹ́jẹ́ lábẹ́ ẹnu: òsì, òsì, òkè, bọ́tìnì. Ọwọ́ rẹ̀ kò sáré, kò sì fà. Akólẹ́tà fo kòtò, ó fo iná, ó bọ́ fìlà fún ère kan, ó kọjá. Ẹnjiníà pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀kùn kejì, ó kọjá níbi tí ojú abẹ́rẹ́ ti gbòòrò jù ú lọ. Ilẹ̀kùn kẹta, Akólẹ́tà kú. Ẹ̀kẹrin, ó kú. Ẹ̀karùn-ún, ó kú, ẹ̀mí rẹ̀ sì tán.

Lójoojúmọ́ ni. Ìbẹ̀rẹ̀ dára, ó wá ń bà jẹ́ bó ṣe ń lọ. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ohun tó jọ. Màmá kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun. Ní Ọjọ́bọ̀ ó dìde nídìí tábìlì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi ọ̀rá bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ńlá, ó sì fi okùn dì í yípo bí ẹni tó ń di ẹrù ọ̀nà jíjìn. Mo ní kí n bá a gbé e, ó ní kí n yà.

15.

(Látinú fóònù Màmá. Ó fún mi láyè láti fi sí i.)

ONÍLÉ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kí n máa retí kọ́kọ́rọ́ ní aago méjìlá ọ̀sán Àbámẹ́ta lóòótọ́? Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ fẹ́ fẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

MÀMÁ: Ẹ máa retí.

ONÍLÉ: Ṣé pé ẹ ti pinnu?

MÀMÁ: Mo ní kí ẹ máa retí. Mi ò ní kí ẹ máa yọ̀.

16.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Màmá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi àti Ẹnjiníà la wà nílé. Mo tún gbà á sílẹ̀, nítorí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbogbo nǹkan sílẹ̀.

ẸNJINÍÀ: Jẹ́ kí n bi ẹ́. Ṣé o kíyè sí bí Akólẹ́tà ṣe ń kú ní ilẹ̀kùn kẹrin?

ÈMI: Ó ń ṣubú, sà.

ẸNJINÍÀ: Ó ń ṣubú kó tó yọ̀. O ò rí i? Wọ́n á kàn fi í hàn wá lójú òfuurufú. Níbo ló ti yọ̀?

ÈMI: Bóyá díìsìkì ti gbó.

ẸNJINÍÀ: Díìsìkì tó gbó á máa fi àmì funfun tótòtó hàn. Kì í sáré. Afarawé yìí, ṣé kì í kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀?

ÈMI: Ó ń kọ ọ́. Mi ò ṣí i wò rí.

ẸNJINÍÀ: Ṣí i.

17.

ÀKỌSÍLẸ̀ AFARAWÉ, ỌJỌ́BỌ̀

Ilẹ̀kùn 1. Mò ń retí ọwọ́ ní àwòrán 1,840. Ọwọ́ dé ní 1,841.

Ilẹ̀kùn 2. Mò ń retí ọwọ́ ní 4,226. Ọwọ́ dé ní 4,214.

Ilẹ̀kùn 3. Mò ń retí ọwọ́ ní 7,090. Ọwọ́ dé ní 7,067. Ó yá jù. Ikú 4.

Ilẹ̀kùn 4. Mò ń retí ọwọ́ ní 10,515. Ọwọ́ dé ní 10,479. Ó yá jù. Ikú 11.

Ilẹ̀kùn 5. Mò ń retí ọwọ́ ní 13,300. Ọwọ́ dé ní 13,252. Ó yá jù. Ikú 2.

18.

Ẹnjiníà mú bírò, ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Méjìlá. Mẹ́tàlélógún. Mẹ́rìndínlógójì. Méjìdínláàádọ́ta.

Ẹni tó ń gbàgbé, lónìí á yá, lọ́la á pẹ́, lọ́túnla á tẹ òsì dípò ọ̀tún. Màmá kò tẹ òdì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ó kàn ń yá ni, ó sì ń fi méjìlá lé méjìlá.

Ìgbàgbé kì í ka méjìlá-méjìlá.

19.

(Látinú kọ̀ǹpútà mi. Sọ́fíwíà tí mo fi ń gé fídíò náà máa ń kọ ohun tí mo bá gé sílẹ̀. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.)

Àlàfo 1: dúdú. Àwòrán 12. A ti gé e.

Àlàfo 2: dúdú. Àwòrán 12. A ti gé e.

Àlàfo 3: dúdú. Àwòrán 12. A ti gé e.

Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé àlàfo 9.

20.

Láàárín ilẹ̀kùn kan àti èkejì, àwọn tó ṣe díìsìkì náà fi àwòrán dúdú méjìlá sí i, kí ẹ̀rọ lè rí àyè mí. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Mo gbà pé ìdọ̀tí ni. Nígbà tí mo gé e, gbogbo àwòrán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sún síwájú, ọpọlọ ò sì mọ̀. Màmá ń rí iná, ó ń fò ó. Ọpọlọ ń sọ pé iná ò tíì dé. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń pọ̀ sí i ni àlàfo ń pọ̀ sí i.

Ìyá mi kò ṣì. Èmi ni mo ṣí àwòrán nídìí, tí mo wá jókòó tì í, tí mo ń káàánú rẹ̀.

Mo ti pa fídíò àkọ́kọ́ rẹ́ kí àyè lè wà, ẹ̀rọ díìsìkì sì ti dákẹ́. Àmọ́ dúdú kò ní ojú méjì. Mo ṣe àwòrán dúdú méjìlá tuntun, mo dá a padà sí àlàfo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mẹ́jọlélọ́gọ́rùn-ún lápapọ̀. Ẹnjiníà dúró lẹ́yìn mi, ó ń kà wọ́n bí ẹni tó ń ka ẹyin.

Mo sọ pé mi ò sunkún. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà nídìí rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó kù padà.

7.

(Mo ti yọ ọ́ kúrò tẹ́lẹ̀.)

Aṣọ aláwọ̀ ewé ti tíṣà kan, oníbàárà Màmá. Oṣù tó kọjá ni. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, Màmá ti lọ ra òwú. Aṣọ náà wà lórí ìgbékọ́, ó ti parí. Apá méjèèjì tó rán sí i, ti òsì ni méjèèjì. Ọ̀kan yí ojú sẹ́yìn bí ẹni tó ń bínú. Láti ọdún méjìdínláàádọ́ta tó ti ń ránṣọ, kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Mo tú ọ̀kan. Mo gé apá ọ̀tún nínú aṣọ tó ṣẹ́kù, mo rán an mọ́ ọn, mo gbé e padà sórí ìgbékọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, Ẹnjiníà pàápàá kò mọ̀.

10.

(Mo ti yọ eléyìí náà.)

Ṣáájú ọ̀rọ̀ géèmù yìí, Màmá fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí láti inú ilé ìdáná. Mo dáhùn. Mo ní, "Mà." Mo sì lọ bá a gbé ìkòkò. Kò mọ̀ pé òun ṣì í pè. Tàbí ó mọ̀, kò kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé òun mọ̀.

1 àti 2.

(Àwọn wọ̀nyí ni mo kọ́kọ́ gé, kí ìtàn má bàa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́.)

Nígbà tí ìyá Màmá ń gbàgbé, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Aṣọ kan ṣoṣo ló máa ń ká láti àárọ̀ di ọ̀sán. Tó bá ká a tán, á tú u, á tún un ká. Gbogbo wa á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ó mà dáa o." Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Lọ́jọ́ kan Màmá fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Tó bá kàn mí, má bò mí láṣìírí fún ara mi. Sọ ọ́ fún mi lójú mi." Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, ó sì rọrùn fún mi láti gbọ́.

Òkùnkùn tí mo gé nínú fídíò àti èyí tí mo gé nínú ilé, ọ̀bẹ kan náà ni mo fi gé e.

21.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Tábìlì. Fóònù mi ń gbà á sílẹ̀.

ÈMI: Màmá, mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ.

MÀMÁ: Tó bá jẹ́ pé o fẹ́ bẹ̀ mí pé kí n má ti ṣọ́ọ̀bù, gbé ẹ̀bẹ̀ rẹ sápò.

ÈMI: Rárá, mà. Èmi ni mo ba géèmù náà jẹ́. Ibi dúdú wà láàárín àwọn ilẹ̀kùn, mo gé e dànù. Ìyẹn ló jẹ́ kó dà bí ẹni pé ọwọ́ yín ń yá jù. Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí.

ẸNJINÍÀ: Òótọ́ ni, Àǹtí. Mo bá a kà á.

(Màmá ka ìwé náà. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un kà.)

MÀMÁ: Kí ló dé tó o fi gé e?

ÈMI: Mo rò pé ìdọ̀tí ni.

MÀMÁ: Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o gbálẹ̀ yàrá rẹ. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, àfi kéèyàn gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Ìgbà tó o máa wá di onímọ̀tótó, fídíò mi lo fọ̀.

(Ẹnjiníà ń rẹ́rìn-ín. Màmá náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín náà pẹ́. Mi ò gé e.)

MÀMÁ: Ó dáa. Ọjọ́ mẹ́rin lo fi dá mi lóró. Ṣé ó ti pé báyìí?

ÈMI: Ó ti pé.

MÀMÁ: Ṣé ó ku ohun mìíràn?

ÈMI: Rárá, mà.

22.

Irọ́ ni mo pa yẹn.

23.

Ilẹ̀kùn kìn-ín-ní. Ilẹ̀kùn kejì. Ní ẹ̀kẹta, tó ti ń pa á láti ọjọ́ Ajé, Akólẹ́tà gbá ilẹ̀kùn mọ́ aago ògiri náà lẹ́nu, ó sì fi túbọ̀mú rẹ̀ nu òógùn. Ẹnjiníà tó fẹ́ràn ikú yẹn kò bínú. Ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún. Láàárín ilẹ̀kùn méjì, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú díẹ̀, kò ní tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, Màmá á sì mí sínú, á mí síta. Mo rí i pé ibẹ̀ ló ti ń mí láti ìgbà èwe rẹ̀. Èmi ni mo ti ń gba èémí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Ẹ̀kẹfà. Ìkeje. Ní ìkẹjọ ó pàdánù ẹ̀mí kan.

"Ìyẹn, tèmi ni," ó wí. "Ẹ má dì í ru ẹnikẹ́ni."

Ó tún un gbé, ó kọjá.

Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Lára mi, gbogbo nǹkan ń dùn, àfi ibì kan. Bí ó bá gbé lẹ́tà yẹn délé, orí irọ́ mi ni ó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè mú kọ́kọ́rọ́ náà kó dìde. Ó sì ti sọ fún mi ní ẹ̀yìnkùlé, ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, ohun tí òun fẹ́.

24.

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kẹsàn-án, Akólẹ́tà máa ń gun àkàsọ̀ gígùn kan. Ogún ìṣẹ́jú-àáyá ni. Géèmù kì í retí ọwọ́ níbẹ̀.

Nọ́ńbà àwòrán ni mo fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ó ṣe lọ.

[27,400] ÈMI: Màmá, mo parọ́. Ó ku nǹkan kan.

[27,440] MÀMÁ: Sọ ọ́. Àkàsọ̀ yìí gùn.

[27,480] ÈMI: Aṣọ tíṣà, aláwọ̀ ewé. Apá òsì méjì lẹ rán sí i. Èmi ni mo tú u, tí mo tún un ṣe. Mi ò sọ fún yín.

[27,630] MÀMÁ: Mo mọ̀.

[27,660] ÈMI: Ẹ mọ̀?

[27,680] MÀMÁ: Mo gbé e kọ́ síbẹ̀ kí n lè tú u tí mo bá ti ra òwú dé. Mo dé, mo bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ìránṣọ rẹ ò gún. Mo tú u, mo tún un rán.

[27,830] ÈMI: Ẹ ò sọ fún mi.

[27,850] MÀMÁ: O ti ṣe é tán, ojú rẹ sì ń dán. Mo ní ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́.

[27,930] (Fóònù Màmá ń dún lórí tábìlì.)

[27,950] ẸNJINÍÀ: Onílé ni.

[27,970] (Ilẹ̀kùn kẹwàá ti yọ lókè àkàsọ̀.)

[27,985] MÀMÁ: Sọ fún un pé ọwọ́ mi dí.